Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìjà òṣèlú ilẹ̀ òkèèrè ti di èébú nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa

Alákòóso
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ WhatsApp ńlá kan ni mò ń bójú tó. Bí ìròyìn ogun tàbí ìdìbò ilẹ̀ òkèèrè bá ti wọlé báyìí, ìjà dé. Ohun tí ìjọba kan ṣe la ó fi bẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi ní "bí àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe rí nìyẹn, ìkà ni gbogbo wọn", ẹlòmíràn á fèsì pé "àwọn ará Amẹ́ríkà wá ńkọ́, agbéraga gbogbo". Mi ò fẹ́ ka ọ̀rọ̀ òṣèlú léèwọ̀. Kí ni kí n máa sọ, ìgbà wo ni mo sì gbọ́dọ̀ yọ èèyàn kúrò?

Ìyá Ìbejì
Alákòóso, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ìjọba bọ́ sórí èèyàn ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. "Ìjọba Rọ́ṣíà kógun wọ Ukraine ní oṣù kejì ọdún 2022." Ọ̀rọ̀ yẹn ní ẹni tó ṣe é, ohun tó ṣe àti ìgbà tó ṣe é, a lè yẹ̀ ẹ́ wò. "Ìkà ni àwọn ará Rọ́ṣíà" kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá mẹ́nu ba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Rọ́ṣíà tí ọlọ́pàá kó nítorí pé wọ́n jáde lòdì sí ogun yẹn, wọ́n á ní ìyẹn yàtọ̀. Ìdí tí kì í fi í tán nìyẹn.

Ẹ má pe ẹni náà ní elẹ́yàmẹ̀yà níwájú èrò, torí orúkọ rẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà, á sì gbàgbé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ẹ bi í pé: ta gan-an lẹ̀ ń bá wí? Bó bá dáhùn, ẹ bi í pé kí lẹni náà ṣe, ìgbà wo. Ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan o. Bí ẹ bá to márùn-ún pọ̀, èyí tó rọrùn jù ló máa mú. Kẹ́ ẹ sì rántí pé àwọn tó ń kà láìsọ̀rọ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń jà lọ. Àwọn lẹ̀ ń kọ̀wé sí.

Olùkọ́ Àgbà
Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìwádìí wà tẹ́ ẹ lè fi hàn wọ́n. Ní 1933, àwọn olùwádìí Daniel Katz àti Kenneth Braly kó ọ̀rọ̀ ìwà 84 fún 100 akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Princeton, pé kí wọ́n yan èyí tó bá orílẹ̀-èdè àti ẹ̀yà mẹ́wàá mu. Òṣìṣẹ́ kára ni wọ́n pe àwọn ará Jámánì. Wọ́n ní olóye làwọn ará Japan. Nígbà tí olùwádìí mìíràn, G. M. Gilbert, tún un ṣe níbẹ̀ kan náà, tó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1951, Ogun Àgbáyé Kejì ti jà, ojú tí wọ́n fi ń wo orílẹ̀-èdè méjèèjì ti burú sí i. Ogun tí wọ́n bá wọn jà ló yí ojú yẹn padà.

Ẹlòmíràn á ní "ará ibẹ̀ ni mí, mo mọ̀ wá". Ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀rí. Ìwádìí ńlá kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2005 wo àṣà 49. Ohun táwọn èèyàn sọ pé ó jẹ́ ìwà orílẹ̀-èdè tiwọn kò bá ohun tí wọ́n rí mu nígbà tí wọ́n wọn ìwà ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Àṣàkẹ́
Ní tèmi o, ẹ kúkú ka òṣèlú léèwọ̀ pátápátá. Ọkàn yín á balẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ọmọ Àṣàkẹ́, wọ́n á gbé e wọnú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní béèrè ẹ̀rí.

Agbẹjọ́rò
Ìbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wà lára ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ní March 2, 2022, orílẹ̀-èdè 141 dìbò pé kí Rọ́ṣíà kúrò ní Ukraine, 5 lòdì sí i, 35 ò dá sí i, àwọn 12 yòókù nínú 193 kò sì dìbò rárá. Ẹnìkan á wá pín àwòrán èsì ìbò náà pé "orílẹ̀-èdè 35 wà lẹ́yìn Rọ́ṣíà". Irọ́ ni. Ẹni tí kò dá sí i kò lòdì sí i. Aṣojú wọn sábà máa ń ṣàlàyé ìdí wọn, ẹ ní kí wọ́n kà á. Ìpinnu Àpéjọ Gbogbogbòò kò sì de ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ lábẹ́ òfin. Ìgbìmọ̀ Ààbò ló lágbára yẹn, ẹyọ ọ̀kan péré nínú ọmọ ìgbìmọ̀ márùn-ún tó jókòó títí sì lè dá ìpinnu nù.

Ní ti yíyọ èèyàn: bí ẹnìkan bá pe odidi èèyàn ní kòkòrò, ẹranko tàbí àrùn, ẹ pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má bá a jiyàn. Aáyán ni ilé iṣẹ́ rédíò RTLM ń pe àwọn ẹ̀yà Tutsi ní Rwanda kí wọ́n tó pa wọ́n àti nígbà tí wọ́n ń pa wọ́n ní 1994. Ní 2003, ilé ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó jókòó ní Arusha, ní Tanzania, dá méjì lára àwọn tó dá rédíò yẹn sílẹ̀ lẹ́bi.

Àbẹ̀kẹ́
Fídíò ńkọ́? Bó bá ní àmì ọfà méjì lókè, ó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ ya àwòrán ibi méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀, níbi tí pátákó ojú ọ̀nà tàbí aṣọ ológun ti hàn, kẹ́ ẹ fi wá a lórí Google Lens àti TinEye, tí wọ́n máa ń fi ibi tí àwòrán ti jáde rí hàn. Lórí TinEye, ẹ to èsì láti orí èyí tó pẹ́ jù. Wọ́n ti pín eré kọ̀ǹpútà Arma 3 bí ogun gidi léraléra, débi pé Bohemia Interactive tó ṣe é ní láti ṣàlàyé ní 2022 bí a ṣe ń dá a mọ̀: ó sábà máa ń ṣókùnkùn, kì í mọ́ kedere, kamẹ́rà rẹ̀ ń gbọ̀n.

Bí gbogbo rẹ̀ bá gbóná, ẹ ti ẹgbẹ́ náà kó jẹ́ alákòóso nìkan ló lè kọ̀wé, ẹ sọ aago tẹ́ ẹ máa ṣí i. Ẹ má tì í gẹ́lẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹnì kan o, wọ́n á ní ẹ gbè sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.

Alákòóso
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹni tó bá ní àwàdà lòun ń ṣe ńkọ́?

Ìyá Ìbejì
Àwàdà lórí ìjọba àti olóṣèlú, ẹ jẹ́ kó wà. Èyí tó bá dá lórí odidi èèyàn, ẹ bi í léèrè kan náà: ta lẹ̀ ń bá wí? Bí kò bá rí ẹni dárúkọ, ẹ pa á rẹ́.