Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní ìbákà Hàwáì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Lórí orúkọ Yorùbá tí à ń wá fún àwọn ẹyẹ akọrin erékùṣù Hàwáì tí òyìnbó ń pè ní honeycreeper, àbá méjì ló wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká pè wọ́n ní arákò-oyin, torí bí òyìnbó ṣe kan orúkọ tiwọn pọ̀ nìyẹn. Ẹlòmíràn ní afàdùn-òdòdó. Ẹ má bínú, mi ò gba ìkankan.

Ẹni tó bá gbọ́ arákò-oyin láìtíì rí ẹyẹ náà, èèrà tó wọ ìgò oyin ni yóò rò. Ká gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Afàdùn-òdòdó sàn díẹ̀, ó sì bá iíwi, ọ̀kan nínú wọn, mu: ẹyẹ pupa fòò, ìyẹ́ apá dúdú, àgógó ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ bíi dòjé, òun ló fi ń fa omi dídùn inú òdòdó. Àmọ́ palíla tó ń gbé lórí òkè Mauna Kea ńkọ́? Ẹnu tiẹ̀ ki, èso tútù ara igi māmane ló ń ya jẹ. Akiapolaáu ló tilẹ̀ ya èmi lẹ́nu jù. Ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ kúrú, ó nà ṣánṣán, òun ló fi ń gbẹ́ igi bí àkókó. Ti òkè gùn, ó tẹ̀, òun ló fi ń yọ ìdin inú ihò tó bá gbẹ́. Pooúli sì ń jẹ ìgbín wẹ́wẹ́ ní erékùṣù Maui. 1973 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí i, wọn ò sì rí i mọ́ láti 2004. Ṣé a ó pe ajẹ̀gbín ní afàdùn-òdòdó?

Ẹ jẹ́ ká wo ìdílé dípò ẹnu. Baba ńlá kan ló bí gbogbo wọn, ó fò wá láti Éṣíà ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ọdún sẹ́yìn. Oríṣi ọmọ rẹ̀ lé ní 50, kálukú pẹ̀lú ọ̀nà oúnjẹ tirẹ̀. Nǹkan bíi 17 ló kù báyìí. Ìdílé kan náà sì ni baba ńlá yìí àti ìbákà wa, tí a fi ń pe olóhùn iyọ̀. Torí náà ni mo ṣe ní ìbákà Hàwáì.

Ẹnìkan á ní ìbákà kì í pupa. Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, ẹbí kan náà ṣáà ni wọ́n.

Ní ti orúkọ oríṣi kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká fi ti Hàwáì sílẹ̀. Fáwẹ̀lì ló ń parí gbogbo sílébù wọn bíi tiwa. Ibi tí wọ́n bá ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ni ká fi àmì òkè sí: palíla, apapáne. (P tiwọn fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ, kò burú.)

Ó ku ẹ̀fọn. Ọkọ̀ òkun ló gbé e dé Maui ní 1826, ibà ẹyẹ tí ẹ̀fọn ń kó ràn wọ́n ló sì ń pa àwọn ẹyẹ wọ̀nyí jù. Láti 2023 ni wọ́n ti ń fi hẹlikọ́pítà tú irú akọ ẹ̀fọn kan sínú igbó níbẹ̀ kí ẹ̀fọn lè dín kù. Bó bá gun abo, ẹyin abo náà kò ní di ọmọ. Wọ́n ní ká pè é ní òkóbó. Òkóbó wo ló ń gun abo? Ta ló ní ọ̀rọ̀ míì?