Iwin tó ń san owó rẹ́ǹtì

Mo ti ka ohun tí gbogbo yín kọ lórí iwin inú ìtàn tó dẹ́rù bà yín jù ní kékeré, ẹlòmíì ní Àgbákò, iwin inú ìwé Fágúnwà, ni ò jẹ́ kóun lè jáde lọ tọ̀ lóru nígbà tóun wà ní kékeré, ẹ̀rín pa mí. Èmi ò bẹ̀rù Àgbákò rí o. Nígbà tá a ń ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní kíláàsì, ọmọkùnrin kan níwájú mi ń yà á sẹ́yìn ìwé ẹ̀, ó fẹ́ to ojú 16 yí orí ká bí Fágúnwà ṣe kọ ọ́, àyè ò gbà á, ló bá ń to ìyókù sọ́rùn. Ẹnì kan wá ní akẹtẹ̀ irin tó dé ńkọ́, ṣé kì í bo ojú ọ̀hún ni? Tíṣà gan-an rẹ́rìn-ín.

Agbárí ló dẹ́rù bà mí ní tèmi. Ìyá àgbà wa l'Abẹ́òkúta ló máa ń pa á lálọ̀ọ́: agbárí ṣá ni, ó yá ẹsẹ̀, ó yá apá, ó yá ara, ó di ọkùnrin arẹwà, ó lọ sọ́jà, ọmọge kan tí kì í gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu wá tẹ̀ lé e, wọ́n dójú ọ̀nà ló bá ń dá nǹkan olóǹkan padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti kan ọrùn, ìyá àgbà á fi ìborùn bo ara ẹ̀ pátá, á ku orí nìkan, á wá máa fò kìtìkìtì bọ̀ wá bá wa lórí ẹní. A ò ní dúró rò ó.

Ìgbà tí mo wá ka The Palm-Wine Drinkard, ìwé Amos Tutùọlá tó jáde ní 1952, ni mo tún bá a pàdé. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Tutùọlá náà, iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ló ń ṣe l'Ékòó. Agbárí tiẹ̀ ò yá nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ó rẹ́ǹtì ẹ̀ ni! Ó dá ẹsẹ̀ padà, ó sanwó, ó dá apá padà, ó sanwó. Ó wá mú ọmọge wọnú ihò, ó so owó ẹyọ mọ́ ọn lọ́rùn, tó bá fẹ́ sá báyìí ẹyọ á pariwo, orí ọ̀pọ̀lọ́ ńlá ni wọ́n sì ní kó jókòó lé. Lójú tèmi, ẹni tí lanlọ́ọ̀dù Èkó ti yọ lẹ́nu rí ló lè ronú kan rẹ́ǹtì yẹn.

Ẹ tún wo ìwé ẹ̀ mìíràn, My Life in the Bush of Ghosts, 1954. Iwin obìnrin kan ní tẹlifíṣọ̀n ní àtẹ́lẹwọ́, ọmọ tó sọnù sígbó ń wo ìyá ẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ iwin yìí fẹ́ kó máa lá egbò ara òun fún ọdún 10. Tẹlifíṣọ̀n tí ò dé Ìbàdàn títí di 1959 o! Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe gbà pẹ̀lú ẹni tó kọ ọ́ nínú yín pé iwin wa ti di ti ayé àtijọ́. Ọmọ àbúrò mi náà hùmọ̀ tiẹ̀ láìpẹ́ yìí, iwin tó ń pe èèyàn lóru tó ní kí wọ́n ka OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, fóun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ti agbárí yìí nílé yín, ta ló gba ọmọge yẹn sílẹ̀? Ọdẹ ni ìyá àgbà máa ń sọ, àbúrò mi ń bá mi jiyàn pé ẹ̀gbọ́n ọmọge ni.