Ẹran wo ló yẹ ká kọ́kọ́ fi dán ẹ̀rọ aṣàkóso ìgbóná wò?

Olùbéèrè

Ẹ kú déédéé ìgbà yìí o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń fi ààrò eléèéfín yan ẹran nílẹ̀ òkèèrè níbí, èédú ni mo sì ń lò. Ṣùgbọ́n jíjókòó tì í láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí n máa ṣí ihò afẹ́fẹ́, kí n tún máa pa á dé, ti sú mi. Mo wá ra ẹ̀rọ aṣàkóso ìgbóná, èyí tó ní fáànù kékeré tí à ń so mọ́ ihò afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀, abẹ́rẹ́ kan tí ń wọn ooru inú ààrò, àti abẹ́rẹ́ méjì tí à ń gún mọ́ ẹran. Èrò mi ni pé kí n fi odindi ẹran àyà màlúù bẹ̀rẹ̀: kí n gbé e ka iná ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí n lọ sùn, kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ ọ, kí àwọn àlejò mi sì bá a lórí tábìlì ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo irú ẹ̀rọ yìí, ṣé ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àbí ẹran mìíràn wà tí ẹ fẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ka iná?

Ìdáhùn àkọ́kọ́

Ẹ kú ìnáwó, ẹ ó fi ẹ̀rọ náà ṣe rere. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹran àyà màlúù sílẹ̀ ná. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kò lè bá yín yan án. Ohun tí mò ń wò ni pé iṣan ńlá méjì ló para pọ̀ di ẹran yẹn, ọ̀kan lọ́ràá, èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ lọ́ràá, àwọn méjèèjì kì í sì í jinná lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè gbà tó wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rọ̀, bí apá tí kò lọ́ràá bá sì ti gbẹ, kò sí ọbẹ̀ tí yóò gbà á là. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé, bí ó bá bàjẹ́, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló jẹ̀bi, tàbí iná, tàbí ẹran fúnra rẹ̀.

Ejìká ẹlẹ́dẹ̀ tó ní eegun nínú, tó wúwo tó kílò 3 sí 4, ni èmi yóò gbé fún yín. Ọ̀rá àti iṣan líle ti wọnú ara wọn káàkiri inú rẹ̀, iṣan líle yìí sì máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbóná inú ẹran bá ti wà lókè 70°C fún ìgbà pípẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹran náà fi ń rọ̀ débi tí a fi lè fi ọwọ́ fà á ya. Bí ooru ààrò bá sọ̀ kalẹ̀ dé 105°C, tó sì tún fò sókè dé 135°C kí ẹ tó rí i, ejìká kò ní bínú. Lẹ́yìn èyí, ó máa ń pẹ́ lórí iná tó láti jẹ́ kí ẹ rí gbogbo ìwà ẹ̀rọ náà: bí ó ṣe ń gòkè, bí ó ṣe ń dúró sójú kan, ohun tó ń ṣe nígbà tí ẹ bá ṣí ọmọrí, àti ariwo tó ń pa nígbà tí èédú bá ń tán lọ.

Adìyẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò nítorí pé kì í pẹ́, ṣùgbọ́n àìpẹ́ rẹ̀ gan-an ni kò jẹ́ kó wúlò fún ohun tí ẹ ń wá. Kí ẹ̀rọ tó rí ẹsẹ̀ dúró, adìyẹ ti ń jinná lọ, bí ẹ bá sì yan án ní 110°C, awọ rẹ̀ yóò máa fà lẹ́nu, nítorí pé ooru tó sún mọ́ 160°C ni awọ adìyẹ ń fẹ́ kí ó tó gbẹ dáadáa. Eegun ìhà dára lẹ́nu, àmọ́ ẹran orí rẹ̀ kò nípọn, abẹ́rẹ́ kì í sì í rí ibi dúró sí láìkan eegun, nítorí náà ìdajì ohun tí ẹ fi owó yín rà ni ẹ kò ní lò.

Fún ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ejìká àgùntàn tàbí ejìká màlúù tó ní ọ̀rá nínú yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìwọ̀n kílò 2 tó fún un, ìgbóná inú tí à ń retí kò yàtọ̀, kò kàn ní pẹ́ tó ti ẹlẹ́dẹ̀ ni.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo gbà, n ó fi ejìká bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ooru mélòó ni kí n fi ẹ̀rọ sí, ìgbà wo sì ni n ó mọ̀ pé ó ti jinná? Àti pé báwo ni mo ṣe ń tan iná náà, níwọ̀n ìgbà tí fáànù ti wà?

Ìdáhùn àkọ́kọ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti iná, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí. Ẹ̀rọ yìí lè fẹ́ iná kí ó pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò ní ọwọ́ tó lè fi bu iná kù. Bí ooru bá ti kọjá ibi tí ẹ fi sí, kò lè ṣe ju pé kí ó dá fáànù dúró kí ó sì máa retí, ààrò tí wọ́n fi amọ̀ tó nípọn mọ sì lè gbà ju wákàtí kan lọ kí ó tó tutù padà. Nítorí náà, iná kékeré ni kí ẹ dá. Ẹ kó èédú tí kò tíì ràn kún ibi iná, ẹ ran bí èédú 10 sí 15 péré níta, ẹ kó wọn lé ojú kan lórí èyí tí kò ràn, kí iná máa jẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ pa gbogbo ihò ìsàlẹ̀ dé àyàfi èyí tí fáànù wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ sì ṣí ti òkè díẹ̀ kíún, kí èéfín ṣáà rí ọ̀nà jáde. Àwọn tó bá ṣí ihò òkè gbayawu bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni ẹ máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀rọ àwọn kò ṣiṣẹ́.

Fún ooru, ẹ fi sí 110°C, ìyẹn nǹkan bí 230°F bí ó bá jẹ́ Fahrenheit ni ẹ̀rọ yín ń kà. Ẹ má ṣe gbé ẹran lé e títí nọ́ńbà náà yóò fi dúró sójú kan fún bí ìdajì wákàtí, tí èéfín funfun tó nípọn yóò sì ti lọ tán, tí yóò ku èyí tó fẹ́lẹ́ tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Èéfín funfun yẹn ni ó ń mú ẹran korò. Igi bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tó ìkúùkù, ì báà jẹ́ igi oak tàbí igi ápù, tó láti tẹ̀ sáàárín èédú.

Abẹ́rẹ́ inú ààrò gbọ́dọ̀ wà lórí irin tí ẹran wà, kí ó jìnnà sí ẹran tó sẹ̀ǹtímítà 5. Bí ó bá fara kan ẹran tútù, yóò máa parọ́ fún ẹ̀rọ pé òtútù ń mú ààrò, fáànù yóò sì máa fẹ́ iná láìdábọ̀. Ẹ má sì fi nọ́ńbà rẹ̀ wé ti tẹmómítà ara ọmọrí kí ẹ máa dààmú. Òkè lọ́hùn-ún ni tìyẹn ń wọ̀n, ẹran kò sì sí lókè. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni abẹ́rẹ́ ń sọ, ẹ ki orí rẹ̀ bọ omi tó ń hó, kí ẹ rí i bóyá yóò sún mọ́ 100°C, lẹ́yìn náà ẹ tún ki orí rẹ̀ bọ omi tó kún fún yìnyín, kí ẹ rí i bóyá yóò sún mọ́ 0°C. Kí omi má ṣe kan ibi tí wáyà ti wọnú irin rẹ̀ o, ibẹ̀ ni ó ti ń bàjẹ́.

Ní ti àkókò, ẹ ya wákàtí 3 sí 4 sọ́tọ̀ fún kílò kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ má fi aago bura. Ìgbóná inú ẹran yóò máa gòkè dáadáa títí dé agbègbè 65°C sí 75°C, lẹ́yìn náà yóò dúró. Yóò dúró fún wákàtí kan, ó lè dúró fún mẹ́ta, ẹlòmíràn a sì ti máa tú ẹ̀rọ palẹ̀ pé ó ti bàjẹ́. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Omi ara ẹran ló ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, gbígbẹ náà sì ń tu ẹran lára bí òógùn ṣe ń tu ènìyàn lára. Bí ara rẹ̀ bá ti dúdú tó bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ fi fọ́ìlì wé e pinpin, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹ má torí ìdúró yìí gbé ooru ẹ̀rọ sókè, ó kéré tán nígbà àkọ́kọ́ yìí, kí ẹ lè rí i bí nǹkan ṣe ń rí. Ní 93°C sí 96°C, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un káàkiri. Bí ó bá ń wọlé láìsí ìdènà, tí eegun sì ń mì bí ẹ bá dì í mú, ó ti jinná. Ẹ fi aṣọ ìnuwọ́ wé e lórí fọ́ìlì náà, ẹ gbé e sínú kúlà tí kò ní yìnyín fún wákàtí kan tàbí méjì kí ẹ tó fà á ya.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ejìká, ṣùgbọ́n mo ní àtakò kan. Èmi yóò kọ́kọ́ dá iná láìgbé ẹran kankan lé e, fún wákàtí méjì, kí n rí bóyá afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbì kan. Bí fáànù bá wà ní 0%, tí ooru ṣì ń gòkè, afẹ́fẹ́ ń gba ẹnu ọmọrí tàbí ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè ṣàkóso ohun tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bí fáànù bá sì wà ní 100% tí ooru ń lọ sílẹ̀, eérú ti dí ojú irin èédú, tàbí kí èédú ti tán. Ó sàn kí a mọ èyí kí ẹran tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ oorun. Ní òru àkọ́kọ́, ẹ má sùn fi í sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, kí ojúmọ́ bá yín lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti mọ ẹ̀rọ náà dáadáa, ẹ lè wá fi òru yan, pẹ̀lú agogo ìkìlọ̀ tí ẹ ti ṣètò sí ìsàlẹ̀ àti sí òkè: kí ó dún bí ooru bá lọ sílẹ̀ ju 95°C, kí ó sì dún bí ó bá kọjá 140°C. Níbikíbi tí ẹ bá sì wà, ìta gbangba ni kí ààrò wà. Mo mọ̀ pé òjò àti òtútù ń mú kí ojú ènìyàn máa wọ gáréèjì, ṣùgbọ́n èédú tó ń jó ń tú carbon monoxide jáde, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pa ènìyàn kódà bí ilẹ̀kùn gáréèjì bá wà ní ṣíṣí. Ẹ̀rọ ni kí ẹ fi nǹkan bò kí òjò má bà á, kì í ṣe ààrò.

Ìdáhùn àkọ́kọ́

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ti òru, ó tọ́ kí n ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní ti iná láìsí ẹran, mi ò lòdì sí i, àmọ́ ìdajì wákàtí tí mo ní kí ẹ fi dúró kí ẹran tó gorí iná lè fa gùn di wákàtí kan, ẹ ó sì rí ọ̀pọ̀ ohun tí ará wa ń sọ láìfi èédú ṣòfò. Bí ààrò yín bá ti pẹ́, tí ẹnu rẹ̀ kò bá pàdé mọ́, ẹ tẹ̀lé ìmọ̀ràn wọn.

Olùbéèrè

Ó kù mi ní ìbéèrè kan. Àwọn àlejò mi yóò dé ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà, mo rò pé kò ní jinná kí wọ́n tó dé.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn

Ẹ yan án ní ọjọ́ Ẹtì, ní ojúmọ́. Ẹ fà á ya, ẹ da omi tó ṣẹ́kù nínú fọ́ìlì padà sórí rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú abọ́ kí ó lè tètè tutù, ẹ sì gbé e sínú fíríìjì láàárín wákàtí 2. Ní ọjọ́ kejì, ẹ bò ó, ẹ mú un gbóná títí inú rẹ̀ yóò fi dé 74°C. Ejìká gbà á dáadáa, ìyẹn gan-an tún jẹ́ ìdí mìíràn tí kì í fi í ṣe ẹran àyà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Kí n má gbàgbé, bí ẹ bá ṣe tán, ẹ yọ fáànù kúrò lẹ́nu ihò kí ẹ tó pa iná. Bí ẹ bá pa á tí ẹ sì fi í síbẹ̀, ooru yóò padà gba inú rẹ̀ jáde, ike rẹ̀ yóò sì yọ́. Ẹ dí ihò náà, ẹ pa ti òkè dé, èédú tó bá kù yóò kú fúnra rẹ̀, ẹ ó sì rí i lò nígbà mìíràn.