Irun Dante tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún bínú sí

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Mo wà lára àwọn tó bú DmC, gémù Devil May Cry tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, yánnayànna láìtíì fọwọ́ kan páàdì.

Devil May Cry apá kẹta la fi dàgbà. Ní ṣọ́ọ̀bù gémù àdúgbò wa n'Íbàdàn, ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń ta á, èmi á jókòó tì wọ́n, màá máa ṣọ́ aago kí onígémù má baà yàn wá jẹ. Dante ni akọni ibẹ̀, onírun funfun, ẹ̀wù pupa, ẹnu ẹ̀ ò sì gbé jẹ́ẹ́ rí. Àfi bí Capcom, ilé iṣẹ́ tó ni gémù náà, ṣe gbé e fún Ninja Theory, àwọn ará Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fídíò àkọ́kọ́ jáde ní 2010, mo rí ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan onírun dúdú tó ń fa sìgá. Orí mi gbóná. Gémù fúnra ẹ̀ dé ní 2013, ẹnìkan sì fi ibi kan hàn mí lórí fóònù: wíìgì funfun já bọ́ sórí Dante, ó wo dígí, ó ní láéláé. Mo ní àwa ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí. Ó parí.

Lọ́dún tó kọjá ni mo rí ẹ̀dà DmC tí wọ́n tún ṣe ní 2015, owó ẹ̀ ò ju ti súyà ẹni méjì lọ. Mo rà á kí n lè bú u dáadáa.

Ìlú inú gémù yẹn ló kọ́kọ́ mú mi. O ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, títì á ya sí méjì, ilé ọ̀tún àti tòsì á máa sún mọ́ra láti há ọ mọ́ àárín, ọ̀rọ̀ gàdàgbà á sì yọ lára ògiri pé kí wọ́n pa ọ́. Ibi tí wọ́n ti ń bá Bob Barbas jà ńkọ́? Orí oníròyìn tẹlifíṣọ̀n, ó tóbi ju ilé lọ! Ó tiẹ̀ ń jù ọ́ sínú ìròyìn ara ẹ̀, wàá máa jà bíi pé hẹlikọ́pítà ló ń yà ọ́ látòkè. Mo dá gémù dúró, mo pariwo nínú yàrá lóru.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀ dùn o. Àwọn ẹ̀mí èṣù aláwọ̀ búlúù àti pupa yẹn ṣì ń bí mi nínú. Di bọ́tìnì L2 mú fún ohun ìjà áńgẹ́lì, tó ń ṣiṣẹ́ jù lára aláwọ̀ búlúù, R2 fún ti èṣù, fún aláwọ̀ pupa. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọ́n á fi máa yan ohun ìjà fún mi?

Èyí tó tì mí lójú jù ni pé Hideaki Itsuno, ọ̀gá tó darí apá kẹta tí mò ń fi yangàn, òun náà ló ń bójú tó eléyìí láti Japan. Tí agbára Dante bá sì gùn ún tán, irun ẹ̀ á funfun báláú, ẹ̀wù á pọ́n. Wọ́n ò jí i lọ́wọ́ wa rárá.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Ṣé irun ẹ̀ ti wá funfun?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, fún ìgbà díẹ̀ ṣá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní tó bá funfun tán kí n tún pè.