Ṣé kí bàbá wa tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀jẹ̀, àbí kí a dúró bí dókítà ṣe wí?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín. Bàbá wa ti pé ẹni ọdún 68, ó sì ti tó nǹkan bí ogún ọdún tí wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní oṣù tó kọjá, dókítà sọ fún wa pé agbára tó kù fún kíndìnrín wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní eGFR, kò ju 11 lọ. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé kò ní kí a bẹ̀rẹ̀ dialysis, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Ó ní kí a máa bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí bàbá sì lọ ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré kan ní apá. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Ìkòròdú gbà pé dókítà rò pé a kò lówó ni, àti pé bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀, kíndìnrín yóò sinmi, yóò sì sọjí. Ìyá wa ní tiwọn ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá ti dé ìdí ẹ̀rọ náà kì í kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìwádìí sọ?

Nọ́ọ̀sì Sùúrùlérè

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Iṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ yìí ni mo ń ṣe. Ìbéèrè yín gan-an ni àwọn onímọ̀ ní Australia àti New Zealand wádìí nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní IDEAL, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2010. Wọ́n pín aláìsàn 828 sí ọ̀nà méjì bí ẹni ṣẹ́ gègé: wọ́n ní kí apá kan bẹ̀rẹ̀ nígbà tí agbára kíndìnrín bá wà láàárín 10 sí 14, kí apá kejì sì dúró títí yóò fi wà láàárín 5 sí 7. Nígbà tí wọ́n ka iye àwọn tó kú lọ́tùn-ún lósì, kò sí ìyàtọ̀ kan tó ṣe é tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú èsì náà tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ: nínú àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dúró, bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò lè dúró dé ibi tí wọ́n dá fún wọn, nítorí pé àìsàn ti ń fi ara hàn kí wọ́n tó débẹ̀.

Nítorí náà, ìṣọ́ ni dókítà ní kí ẹ máa ṣọ́ bàbá. Bí oúnjẹ bá ń kọ̀ wọ́n, bí èébì bá ń gbé wọn, bí òsúkè kò bá dá, bí èémí bá ń há wọn tí wọ́n bá sùn gbalaja, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.

Ẹ̀rọ kì í wo kíndìnrín tó ti ń bàjẹ́ láti ọdún pípẹ́. Ó kàn ń bá a ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ti lè jẹ́ òótọ́ ni ti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, bí abiyamọ tó sọ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nù nígbà ìbímọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fọ ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ó sì dágbére fún wa.

Iṣẹ́ abẹ apá yẹn ni kí ẹ yára ṣe. Wọ́n máa ń so iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn mọ́ èyí tó ń dá a padà, kí ti ìkejì lè fẹ̀ tó fún abẹ́rẹ́, ó sì máa ń gba oṣù mélòó kan kí ó tó gbó. Láti 1966 ni wọ́n ti kọ ọ̀nà yìí jáde ní New York, òun náà ni a ṣì ń fẹ́ jù. Ẹni tí kò bá ní in, rọ́bà ni a máa ń kì bọ iṣan ọrùn rẹ̀, kòkòrò àrùn sì máa ń gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ẹ̀jẹ̀ tàbí wọn ìfúnpá ní apá náà mọ́.

Ìyá Ìbejì, Yábàá

Ọdún kẹrin mi rèé lórí ẹ̀rọ, mo sì ń ta aṣọ mi lọ. Ẹ bá mi sọ fún màmá pé wọn kò parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níbẹ̀ kò tíì kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ni wọ́n ń fẹ́. Owó ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa ṣe é pé. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé iye tí aláìsàn yóò san lẹ́ẹ̀kan ti wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, ti Ẹbúté-Mẹ́ta sì wà lára wọn. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ kàn máa gba afárá Carter kọjá ni. Ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè bí ìlà ṣe gùn tó. Ibi àdáni kan tí mo kọ́kọ́ ń lọ, iná lọ lójijì lọ́jọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ kò jí, ọwọ́ ni nọ́ọ̀sì fi ń yí ẹ̀rọ náà kí ẹ̀jẹ̀ mi lè padà sára. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ iná kí ẹ tó sanwó.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkọkà

Mo fẹ́ fi ti ẹ̀yin ọmọ kún un. Ní 2010, àwọn onímọ̀ rí i pé oríṣi méjì kan lára àbùdá tí à ń jogún lára òbí, tí wọ́n ń pè ní APOL1, tó wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá àti àwọn aládùúgbò wa, lè mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́. Ó jọ pé ó pọ̀ láàárín wa nítorí pé ó gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri; ohun tó gba ẹnì kan là ló padà ń dá ọmọ rẹ̀ lóró. Ìwádìí tó jáde ní 2025, tí wọ́n ṣe fún àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ní Gánà àti Nàìjíríà, fi hàn pé bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta wọn ló gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá pọ̀. Ọ̀pọ̀ irú wọn kò ní ṣàìsàn kíndìnrín láéláé, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù. Ẹ kàn lọ wọn ìfúnpá yín, kí ẹ sì yẹ ìtọ̀ wò bóyá purotéènì ń jò sínú rẹ̀, ẹ sì jìnnà sí àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ibuprofen ojoojúmọ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ ṣé gan-an ni. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò ṣe apá náà, ti òsì ni wọ́n mú nítorí pé ọ̀tún ni bàbá fi ń kọ̀wé. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó ní òun yóò lọ yẹ ìtọ̀ òun wò ní ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n kò tíì gbà pé kíndìnrín kì í sinmi.