Ṣé gbogbo lẹ́tà tí kò dé ló há?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú àárò ara yín.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ṣábẹ̀ẹ́ ní kí a máa pe lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì (ímeèlì) yòówù tó bá dúró sínú ẹ̀rọ tó ń pín lẹ́tà wa ní "lẹ́tà tó há", ká lè bọ́ lọ́wọ́ "bloqué" èdè Faransé tí àwa ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) fi ń sọ gbogbo nǹkan. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, "há" nìkan kò tó. Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ̀rọ náà: Postfix ló ń gbé lẹ́tà, Mailman ló ń pín in fún ọmọ ẹgbẹ́. Bí ẹnìkan bá pè mí lóru pé "ó há", kò tíì sọ ibi tí màá wò fún mi.

Bí mo bá tẹ postqueue -p, àṣẹ tó ń fi àwọn lẹ́tà tó wà lórí ìlà Postfix hàn, màá rí nọ́ńbà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bó ṣe tóbi tó, ọjọ́ tó wọlé àti ẹni tó kọ ọ́. Ìdí tí kò fi lọ á wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Èyí tó ní àmì ìràwọ̀ lára nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Èyí tó ní àmì ìyanu, wọ́n dá a dúró ni. Àwọn tí kò ní àmì kankan ni wàhálà tèmi sábà máa ń jẹ́: ẹ̀rọ tó yẹ kó gbà wọ́n ti fi nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 dáhùn, ìyẹn ni pé, "Mi ò lé ọ, ṣùgbọ́n padà wá." Postfix á sì padà lọ. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, yóò kọ́kọ́ sinmi fún 300 ìṣẹ́jú-àáyá, ìsinmi náà lè gùn dé 4000. Bó bá di ọjọ́ 5 tí kò rí ọ̀nà wọlé, á dá lẹ́tà padà fún ẹni tó kọ ọ́.

Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ báyìí, kí ló há níbẹ̀? Eegun ẹja tó há lọ́fun kì í lọ iwájú, kì í sì í padà. "Lẹ́tà ìpadàwá" ni mo fẹ́ ká pè é. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ "ẹ padà wá lọ́la" rí ní ọ́fíìsì ìjọba? Èyí tí wọ́n fi nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5 dáhùn, ìyẹn ni pé wọ́n kọ̀ ọ́ pátápátá, ti di àdápadà, kò sí ìjà nínú ìyẹn.

Àbúrò wa ará Kétu mú "ìdènà" wá, ó sì fi Àkábà Ìdènà, ẹnu ọ̀nà ìlú wọn, gbè é lẹ́sẹ̀. Mo gbà á, àmọ́ fún lẹ́tà tí Mailman dá dúró de alábòójútó nìkan: lẹ́tà ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, tàbí èyí tó ju 40 kílóbáìtì lọ. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará ibòmíràn á rò pé ẹnìkan dènà de ẹnìkan. Kí wọ́n rò ó. Ọmọ Kétu mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ìlú là ń wí.

Ibi tí mo ti ń yarí ni "àyàsọ́tọ̀" tí ẹnìkan fẹ́ lò fún lẹ́tà tí Mailman jù sínú àpò shunt. Àyàsọ́tọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́tà yìí kò mọ́ rárá! Nǹkan kan nínú rẹ̀ ló mú ẹ̀rọ kọsẹ̀, bí àkọlé tí àmì ohùn rẹ̀ ti dàrú, ẹ̀rọ sì tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè ráyè ṣiṣẹ́ lórí àwọn yòókù. "Àyàsẹ́gbẹ̀ẹ́" bá a mu jù. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe, kó kọ́kọ́ ka àkọsílẹ̀ àṣìṣe kó tó fi àṣẹ unshunt dá a padà sórí ìlà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà ló tún máa padà sí.

Ẹ̀gbọ́n Ṣábẹ̀ẹ́, "há" yín ní ibi tó tọ́ sí. Bí iṣẹ́ kan nínú Mailman bá kú lójijì tó fi àgádágodo rẹ̀ sílẹ̀ (fáìlì tó fi ń dá iṣẹ́ mìíràn dúró títí yóò fi parí), tí lẹ́tà ń wọ àpò "in" tí ọ̀kankan kò jáde, ìyẹn há. Ká rí i dájú pé kò sí iṣẹ́ kankan tó ṣì di àgádágodo náà mú, ká pa á rẹ́, ká tún Mailman gbé dìde.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu ju àyàsẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ, kó mú un wá. Ìpadàwá ní tiẹ̀, n kò ní fi í sílẹ̀.