Fọ́ọ̀mù báńkì tàbí fọ́ọ̀mù ìdókòwò: èwo ni kí n fọwọ́ sí?

Ìyá Aláǹkárá Gbági

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo lọ sí báńkì kan ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti fi mílíọ̀nù méjì àbọ̀ sí fíkísì (fixed deposit), kí ọjà ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọdébìnrin tó dá mi lóhùn ní kí n má fi sí fíkísì, pé òun ní ohun tí èlé rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ó gbé fọ́ọ̀mù kan fún mi. Orúkọ báńkì wọn ló wà lókè rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi "Asset Management" tì í nídìí. Mo bi í pé ṣé báńkì náà nìyí. Ó ní, "Mọ́mì, ọ̀kan náà ni wá."

Ẹ̀rù bà mí. Ní 2008, báńkì kan yá bàbá àwọn ọmọ mi lówó pé kó fi ra ìpín ìdókòwò báńkì ọ̀hún gan-an. Ìwé ẹ̀rí ìpín náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí dòní. Mo gbọ́ pé ìjọba ti ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ láti ìgbà náà. Tí wọ́n bá ti yà á, kí ló dé tí ọmọ kan náà fi ń ta méjèèjì lórí àga kan ṣoṣo?

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Mà, ẹ fọwọ́ sí i jàre. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti wà níbẹ̀, wọn ò jẹ mí lówó rí. Èlé fíkísì ò tó owó gàárì.

Ará Báńkì Tẹ́lẹ̀

Ẹ kú ọjà o, Mà. Ọmọ Mọ́kọ́lá, rọra. Fọ́ọ̀mù yẹn kì í ṣe ohun burúkú, "ọ̀kan náà ni wá" yẹn ni irọ́.

Mo ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Marina l'Ékòó láti 2003 di 2011. (Ẹ má bi mí léyìí tó jẹ́.) Láti 2001 ni CBN, báńkì àpapọ̀ ìjọba, ti gbà kí báńkì kan ṣoṣo máa gba owó ìfipamọ́, kó máa ta ìpín ìdókòwò, kó tún máa ṣe adójútòfò. Nígbà tí Soludo, ọ̀gá CBN nígbà náà, wá sọ ọ́ di dandan pé kí owó ìdásílẹ̀ báńkì kọ̀ọ̀kan tó bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí, báńkì 89 di 25. Àwọn tó kù ní owó rẹpẹtẹ lọ́wọ́, wọn ò mọ ibi tí wọn ó nà án sí. Ọjà ìpín ló gbà á.

Orí tábìlì mi ni ìwé ẹ̀yáwó ìpín ń gbà kọjá. Alápatà wá, tíṣà wá, pásítọ̀ wá. Ẹni tó bá mú mílíọ̀nù kan wá, a ó yá a ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ lé e, a ó fi gbogbo rẹ̀ ra ìpín, ìpín náà la ó sì fi ṣe ìdógò. Owó ta là ń yá wọn? Owó tí àwọn ìyá bíi tiyín fi pamọ́ ni. Bí alájọ bá gba àjọ lọ́wọ́ yín láàárọ̀, tó fi ta tẹ́tẹ́ lọ́sàn-án, olè lẹ ó pè é. Àwa, wọ́n fún wa ní bónọ́ọ̀sì. Èmi náà yá mílíọ̀nù kan lé díẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ní oṣù kẹta 2008, òǹkà ọjà ìpín, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí owó ìpín ṣe ń lọ sókè sódò, lé ní 66,000. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Lọ́jọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹjọ 2009, Sanusi, tó gbapò Soludo ní CBN, yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, CBN sì da bílíọ̀nù 420 náírà sínú àwọn báńkì náà kí wọ́n má baà wó. Gbogbo wa dúró yí tẹlifíṣọ̀n ká ní ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó rántí oúnjẹ ọ̀sán. Báńkì mẹ́ta míì tún tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá.

Òfin tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ jáde ní 2010. Kí báńkì ta ilé ìdókòwò àti adójútòfò tó wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí kí wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò jẹ́ òbí fún gbogbo wọn. GTBank ta ilé adójútòfò tirẹ̀ nígbà náà. First Bank, FCMB àti Stanbic IBTC yan ti òbí. Báńkì di ọmọ kan, ilé ìdókòwò di ọmọ kejì. Ìyá kan ló bí wọn, oníkálukú ló ń dáná tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin ya ilé iṣẹ́, kò ya àga. Ọmọ yẹn ní táàgẹ́ẹ̀tì tó gbọ́dọ̀ bá kí oṣù tó parí. Ibi tí mo ti ń bá Sanusi jà lọ́kàn mi nìyẹn.

Mà, fíkísì wà lábẹ́ NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó ìfipamọ́ inú báńkì. Tí báńkì bá kú, wọ́n á san án fún yín títí dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà. 500,000 péré ni kí wọ́n tó fi kún un ní 2024. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé fún yín, SEC, àjọ ìjọba lórí ọjà ìdókòwò, ló ń mójú tó o, NDIC ò sí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ money market fund, tó ń yá ìjọba àti báńkì lówó fún ìgbà díẹ̀, kì í sábà mì, èmi gan-an ní díẹ̀. Tó bá jẹ́ equity fund, tó ń fi owó ra ìpín, owó ọjà oṣù kejìlá ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹ bi í pé èwo ni.

Ẹ̀gbá ní Peckham

Níbí ní UK, 1 January 2019 ni òfin tiwọn tó ya owó ará ìlú sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ìdókòwò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Barclays pín sí méjì, HSBC kó ti ará ìlú lọ sí Birmingham. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, báńkì Northern Rock ò bá wọn ta ìpín, owó ilé ló ń yá èèyàn, òun náà ló kọ́kọ́ wó ní 2007. Yíyà nìkan kọ́.

Ará Báńkì Tẹ́lẹ̀

Òótọ́ ni. Ìyẹn ò ní kí n fi owó ìyá aláǹkárá ta tẹ́tẹ́.

Ìyá Aláǹkárá Gbági

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo padà lọ láàárọ̀ yìí. Mo bi ọmọ náà pé èwo ni, ó ní òun ń lọ bi ọ̀gá òun. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi dúró. Equity ni. Mo fi mílíọ̀nù méjì sí fíkísì, mo fi ìyókù ra àǹkárá bọ̀.